Ìjì Kì Í Ṣe Àwáwí Lọ́nà Ìwòrò

Ẹni tó bá fẹ́ gbafẹ́ lọ sí Ìwòrò láti àárín Èkó kò ní ọ̀nà kan ṣoṣo mọ́. Láti ọjọ́ 4, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2023 ni rélùwéè Blue Line ti ń kó èrò láti Marina dé Mile 2, ìrìn kìlómítà 13 tí ó gba orí afárá kọjá lórí ọ̀sà, tí èrò ń tojú fèrèsé wo omi, ọkọ̀ akẹ́rù àti àwọn ilé gogoro Marina lẹ́yìn wọn. Bí èèyàn bá sọ̀ ní Mile 2, ebúté ọkọ̀ ojú omi kò jìnnà síbẹ̀. Láti ebúté yìí ni omi ti ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ó gba Ọ̀jọ́ kọjá, ó fara kan Ìwòrò àti Àjídò, ó dé Àgbádárìgì (Badagry), kò sì dúró títí ó fi wọ ìlú Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin. Ọ̀nà ọjà ni omi yìí jẹ́ fún àwọn Àwórì àti àwọn Ẹ̀gùn kí ẹnikẹ́ni tó da ọ̀dà sójú títì ní ilẹ̀ Badagry. Ní ọwọ́ òsì ẹni tó ń lọ, ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí igi àgbọn bò ló pààlà sáàárín ọ̀sà àti òkun; ní ọwọ́ ọ̀tún ni àwọn abúlé apẹja wà, àti ibi ìgbafẹ́ bíi Whispering Palms ní Ìwòrò. Bóyá ìrìn àjò kan wà ní ìpínlẹ̀ Èkó tó rẹwà jù ú lọ, n kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìjì yóò máa dá ìrìn àjò yìí dúró lọ́dọọdún, ohun tí mo sì ń sọ ni pé dídúró náà kì í ṣe àbùkù. Àbùkù ni kí a gba owó lọ́wọ́ èrò láìtíì sọ fún un ẹni tí yóò pàṣẹ pé kí ọkọ̀ má lọ, ibi tí òun yóò fara pamọ́ sí, ọ̀nà tí òun yóò gbà délé, àti ibi tí owó òun yóò já sí. Kí òjò tó ṣú ló yẹ kí ìdáhùn ti wà nílẹ̀.

Ojú ọjọ́ fúnra rẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ wò. Ní etíkun wa yìí, òjò a máa wọlé láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, kì í sì í kásẹ̀ nílẹ̀ títí di oṣù kọkànlá. Oṣù kẹfà ni ó máa ń rọ̀ jù, yóò sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, yóò sì tún padà. Àmọ́ oṣù tí òjò pọ̀ jù kọ́ ni oṣù tí ìjì le jù. Ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ àti ìgbà tó ń palẹ̀ mọ́ ni ẹ̀fúùfù máa ń ṣíwájú rẹ̀, tí ọ̀run yóò ṣú dùdù láti ìlà-oòrùn, tí páànù yóò máa fò, tí igi yóò sì wó dí ọ̀nà. Àwọn tó mọ̀ nípa ojú ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ṣàlàyé pé irú ìjì yìí kì í ti ibi tó bá wù ú wá: láti ìlà-oòrùn ló máa ń rìn lọ sí ìwọ̀-oòrùn jákèjádò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì lè rin nǹkan bíi kìlómítà 50 ní wákàtí kan. Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí lọ́nà tiwa. Ìjì tó fẹ́ dé Ìwòrò yóò sábà kọ́kọ́ lu Marina àti Mile 2. Àwọn ará Èkó yóò ti gbọ́ àràá rẹ̀ nígbà tí oòrùn ṣì ń ràn yòò ní Àjídò. Ọkọ̀ tó gbéra ní Mile 2 tó kọjú sí Badagry kò lè rí i, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìjì náà ti ń lé e bọ̀. Ìmọ̀ tí yóò gba èrò là wà ní ibùdó rélùwéè kí ó tó dé ojú omi, ohun tó kù ni kí ẹnì kan ní iṣẹ́ láti fi ránṣẹ́. Ọdún Àjíǹde, tí àwọn èèyàn máa ń rọ́ lọ sí etí omi, sì máa ń bọ́ sí oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin, ìgbà ìjì gan-an. Ìsinmi òmìnira ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá náà kò jìnnà sí ìgbà ìjì kejì, nígbà tí òjò ń palẹ̀ mọ́.

Síso ọkọ̀ ilẹ̀ mọ́ ọkọ̀ omi tún mú ewu kan wá tí kò sí nígbà tí oníkálukú wọn ń dá rìn. Rélùwéè kì í bẹ̀rù òjò bí ọkọ̀ ojú omi ti ń bẹ̀rù rẹ̀. Bí atẹ́gùn bá dá ọkọ̀ dúró ní ebúté, rélùwéè yóò ṣì máa já èrò sílẹ̀ ní Mile 2, ọgọ́rọ̀ọ̀rún lẹ́ẹ̀kan, nígbà tó jẹ́ pé ìwọ̀nba èèyàn ni ọkọ̀ ojú omi kọ̀ọ̀kan lè gbé. Láàárín wákàtí kan, ebúté ti kún fún àwọn tó ti sanwó, tí wọ́n gbé ọmọ àti ẹrù dání, tí ilẹ̀ sì ń ṣú lọ bá wọn. Irú èrò bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́kọ̀ tí kò ní ìwé àṣẹ ń wá, ẹni tí yóò yọ láti ebúté ẹ̀yìnkùlé, tí yóò ní òun mọ ọ̀nà, tí owó rẹ̀ yóò sì dín díẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2022, ọkọ̀ kan gbéra ní agbègbè Mile 2 ní alẹ́, ó ń lọ sí Ibeshe, ó sì dànù. Èèyàn tó bá a lọ lé ní mẹ́wàá. LASWA, iléeṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń mójú tó ojú omi, sọ pé ọkọ̀ náà rú òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe wakọ̀ lálẹ́. Kì í ṣe bóyá ìjì ló fà á tàbí ìgbì omi ni mò ń wádìí. Ohun tó yẹ ká bi ara wa ni ìdí tí àwọn èrò náà fi wọ ọkọ̀ ọ̀hún. Èèyàn kì í wọ ọkọ̀ ẹ̀yìnkùlé lálẹ́ nítorí pé ó gbádùn mọ́ ọn. Ó ń wọ̀ ọ́ nítorí pé kò rí ọ̀nà mìíràn délé. Òfin tó ní kí ọkọ̀ má lọ, láìsọ bí èrò yóò ṣe délé, ń ta oníbàárà fún ọkọ̀ tí òfin kò mọ̀ ni. Ibi tó yẹ kí a ti sọ fún èrò pé omi kò ṣeé gbà lónìí ni Marina, kí ó tó na káàdì sí ẹnu ọ̀nà rélùwéè rárá.

Àwọn kan yóò ní kí a fi ọ̀rọ̀ lílọ tàbí dídúró sílẹ̀ fún atukọ̀, nítorí òun ló mọ omi. Ọ̀rọ̀ yìí ní òótọ́ nínú. Àwọn baba ńlá àwọn ará Ìwòrò àti Àjídò ti ń fi ọkọ̀ àjẹ̀ ná ọ̀sà yìí kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ ẹ́ńjìnnì, wọ́n sì mọ ojú ọ̀run kà. Àmọ́ ẹ má gbàgbé pé àwọn náà máa ń dúró. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì aago mẹ́rin lọ́wọ́ èrò wọn, kò sì sí ẹni tó ń pè wọ́n lórí fóònù pé ọ̀gá ní kí wọ́n tètè dé kí wọ́n lè tún rìn kan sí i. Atukọ̀ òde òní ní ìmọ̀, ṣùgbọ́n ó ní gbèsè epo, ó ní olówó ọkọ̀ tó ń retí àjẹmọ́nú, ó sì ní ogún èèyàn tó ń pariwo sí i pé òjò yìí kò tó nǹkan. Ẹni tó ní ìpín nínú owó ọkọ̀ kò yẹ lẹ́ni tí yóò dá ẹjọ́ náà. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ojú kan kì í rí gbogbo ọ̀run. Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1954, ọkọ̀ Toya Maru wà ní ebúté Hakodate ní Jàpáàn. Ọkọ̀ ojú omi ti iléeṣẹ́ rélùwéè gan-an ni, òun ló máa ń gbé èrò àti àwọn ọkọ̀ rélùwéè fúnra wọn sọdá omi láti erékùṣù Hokkaido. Ọ̀gá ọkọ̀ mọ̀ pé ìjì ńlá ń bọ̀, ó sì dá ọkọ̀ dúró. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, òjò dá, ojú ọ̀run mọ́; ó gbà pé ìjì ti kọjá, ó sì ní kí wọ́n gbéra. Kò tíì kọjá. Àwọn tó kú lálẹ́ ọjọ́ yẹn lé ní 1,100. Kì í ṣe òpè ni ọ̀gá ọkọ̀ náà, ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ibi tí ojú rẹ̀ dé ló wò, ìjì sì tóbi ju ibi tí ojú rẹ̀ dé lọ. Àwọn ará Jàpáàn gba ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn débi pé wọ́n gbẹ́ ọ̀nà rélùwéè gba abẹ́ òkun, wọ́n sì ṣí i ní 1988. A kò ní kí ìjọba Èkó gbẹ́ abẹ́ ọ̀sà o. Tábìlì kan, tẹlifóònù kan àti ẹni tó ní àṣẹ ni à ń bèèrè.

Nítòsí wa níbí, ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án náà ló tún jẹ́, ní ọdún 2002, nígbà tí ọkọ̀ Le Joola ti ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà, tó ń ti Ziguinchor bọ̀ wá sí Dakar, kó sínú ìjì ní etíkun Gáḿbíà, tó sì dojú dé. Àwọn tó ṣègbé lé ní 1,800. Èèyàn 64 péré ló yè. Ó rọrùn láti sọ pé ìjì ni. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà gbé ju ìlọ́po mẹ́ta iye èèyàn tí wọ́n ṣe é fún. Ìdí tí èrò fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti rí: ọ̀nà ilẹ̀ láti Casamance lọ sí Dakar nira, ó gba ààrin orílẹ̀-èdè mìíràn kọjá, ọkọ̀ omi yẹn sì ni ìrètí púpọ̀ nínú àwọn tálákà, àwọn oníṣòwò àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó bá mọ bí ojú títì Badagry ṣe rí láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, tó mọ iye ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ tí wọ́n sì tún fi í sílẹ̀, kò nílò kí n fa ìyókù ọ̀rọ̀ náà gùn.

Ta wá ni kí ó pàṣẹ? Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti dìjú nìyí. Ìjọba Èkó ló dá LASWA sílẹ̀ ní 2008, òun ló sì ń rán àwọn èrò létí pé kí wọ́n wọ ẹ̀wù amúniléfòó. Ìjọba àpapọ̀ ní NIWA. Àwọn méjèèjì fa ọ̀rọ̀ náà dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ, tó sì dájọ́ ní oṣù kìíní ọdún 2024 pé NIWA ni òfin gbé àkóso ojú omi abẹ́lé fún. LAMATA ló ń bójú tó rélùwéè, LAGFERRY ní ọkọ̀ omi tirẹ̀, NiMet ló ń wo ojú ọjọ́. Iléeṣẹ́ márùn-ún, ìjì kan. Èrò tó dúró ní ebúté Ìwòrò kò nílò láti mọ ẹni tó jàre lójú òfin. Ohun tó nílò ni àsíá pupa kan tó dìde ní ebúté, kí ọ̀rọ̀ kan náà sì hàn lára pátákó ní Marina láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kí NIWA àti LASWA jókòó, kí wọ́n fi ọwọ́ sí ìwé kan ṣoṣo tó sọ pé bí NiMet bá kéde ìjì, tàbí bí atẹ́gùn bá ju ìwọ̀n báyìí lọ, ọ̀gá ebúté lórí iṣẹ́ lè ti ọ̀nà omi pa, kí ẹnikẹ́ni má sì lè pè é láti òkè pé kí ó ṣí i. Ìwọ̀n náà gbọ́dọ̀ wà lára ògiri níbi tí gbogbo èèyàn ti lè kà á.

Mo ti gbọ́ kí àwọn kan sọ pé NiMet kì í sọ ojú ọjọ́ tó péye, pé bí a bá ń tẹ̀ lé e, ọkọ̀ kò ní rìn mọ́. Lóòótọ́, kò sí ẹni tó lè sọ láàárọ̀ pé ìjì yóò dé Ìwòrò ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ géérégé. Ṣùgbọ́n a kò nílò rẹ̀. Bí mo ti wí lókè, ìjì sábà máa ń kọjá ní Èkó kí ó tó dé Ìwòrò. Ohun tí a ń bèèrè ni pé kí ẹni tó wà ní Marina ké sí ẹni tó wà ní Àjídò. Bí ìkìlọ̀ mẹ́ta bá jáde tí ìjì kan ṣoṣo dé, àdánù ibẹ̀ ni wákàtí díẹ̀. Mo gbà pé yóò dun ọlọ́kọ̀. Kò lè dun ún tó bí ọkọ̀ rẹ̀ yóò bá rì.

Ọ̀rọ̀ owó ló le jù, n kò sì fẹ́ fi ojú kéré wò ó. Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tó ń ná ọ̀sà yìí jẹ́ ti àdáni. Olówó ọkọ̀ kan lè béèrè pé, bí Ọlọ́run bá rán ìjì, kí ló dé tí èmi yóò fi san án? Ìbéèrè tó bọ́gbọ́n mu ni, àwọn mìíràn sì ti dáhùn rẹ̀ ṣáájú wa. Òfin tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní ọdún 2010 lórí ẹ̀tọ́ èrò ọkọ̀ ojú omi sọ ọ́ gbangba pé, bí ojú ọjọ́ bá burú débi tí ọkọ̀ kò lè rìn láìléwu, iléeṣẹ́ ọkọ̀ kò jẹ èrò ní owó ìtanràn, kò sì pọn dandan kí ó sanwó òtẹ́ẹ̀lì fún un. Ṣùgbọ́n òfin náà kò ní kí ó gbé owó tíkẹ́ẹ̀tì mì. Èrò ni yóò yàn: kí wọ́n gbé e gba ọ̀nà mìíràn, tàbí kí wọ́n dá owó rẹ̀ padà. Ìpín tó tọ́ nìyẹn. Ọlọ́kọ̀ kò jẹ̀bi ìjì, èrò náà kò sì jẹ gbèsè ìrìn tí kò rìn. Ní Skọ́tíláǹdì, níbi tí rélùwéè ti máa ń já àwọn arìnrìn-àjò sí Mallaig kí ọkọ̀ iléeṣẹ́ CalMac tó gbé wọn sọdá sí erékùṣù Skye, ìjì a máa dá ọkọ̀ dúró léraléra nígbà òtútù. Iléeṣẹ́ náà á kéde ipò ọ̀nà kọ̀ọ̀kan fún gbogbo ayé kí èrò tó kúrò nílé, àwọn èèyàn á kùn, wọn á sì tún padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ìkéde kò lé arìnrìn-àjò lọ níbẹ̀.

Tiwa tilẹ̀ rọrùn ju tiwọn lọ ní apá kan. Káàdì Cowry kan náà ni à ń ná sí bọ́ọ̀sì BRT, sí rélùwéè Blue Line àti sí ọkọ̀ LAGFERRY. Ibi tí owó gbà jáde ló yẹ kó lè gbà wọlé. Bí ọ̀gá ebúté bá gbé àsíá pupa sókè, kí owó ìrìn omi padà sínú káàdì láìjẹ́ pé èrò tò sórí ìlà, láìjẹ́ pé ó bẹ ẹnikẹ́ni. Ọlọ́kọ̀ àdáni tí kò tíì gba káàdì náà lè dara pọ̀, kí ìjọba sì ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó ìwé àṣẹ tó ń gbà lọ́wọ́ wọn fún ọjọ́ ìjì. Bí olówó ọkọ̀ bá mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n bá dá òun dúró kò ní jẹ́ òfo pátápátá, yóò dín ariwo rẹ̀ kù, atukọ̀ rẹ̀ yóò sì lè dúró láìbẹ̀rù.

Àtakò kan ṣẹ́kù tí mo mọ̀ pé ó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ òǹkàwé: ta ló ń gbafẹ́? Ojú títì ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, ẹ fi ìrìn fàájì sílẹ̀ fún àwọn olówó. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ojú títì. Ṣùgbọ́n òjò tó ń pa arìnrìn-àjò fàájì ló ń pa aláta. Ẹja láti Ìwòrò àti àgbọn láti Badagry ń gba omi yìí lọ sọ́jà. Àwọn ọmọ iléèwé ń gbà á. Ẹni tó bá sì fẹ́ rí Gbẹ̀rẹ̀fú, níbi tí wọ́n ti kó àwọn ẹrú gba etí òkun lọ, gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ sọdá ọ̀sà, ì báà gba títì wá láti Èkó. Owó àwọn tó ń gbafẹ́ ló lè san fún àsíá, fún ilé ìbora ní ebúté, fún ọkọ̀ agbẹ̀mílà; ẹlẹ́ja yóò sì jẹ nínú rẹ̀ láìsan nǹkan kan sí i. Ọ̀nà ilẹ̀ gan-an náà jẹ́ apá kan nínú ètò tí mò ń sọ. Láti Ìwòrò, ọ̀nà wà dé Aradagun lórí ojú títì márosẹ̀. Kí tíkẹ́ẹ̀tì ìrìn omi sọ ọ́ ní kedere pé bí ìjì bá ti ọ̀nà pa, bọ́ọ̀sì yóò gbé èrò gba Aradagun padà sí Mile 2, kí àdéhùn ti wà pẹ̀lú àwọn onímọ́tò ṣáájú, kí iye rẹ̀ má sì gòkè nítorí pé òjò ń rọ̀. Ẹni tó mọ̀ pé bọ́ọ̀sì ń bọ̀ kò ní wọ ọkọ̀ ẹ̀yìnkùlé ní aago mẹ́jọ alẹ́.

Ilé ìbora tí mo dárúkọ yẹn kì í ṣe ohun ńlá, kò sì yẹ kí ó gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: òrùlé tí atẹ́gùn kò lè ká, àga, omi mímu, ilé ìyàgbẹ́, iná. Àwọn ebúté kéékèèké lójú ọ̀nà yìí ló nílò rẹ̀ ju ebúté Marina lọ. Bákan náà ni kíkó koríko kúrò lójú omi. Láti 1984 tí koríko ojú omi elódòdó aláwọ̀ àlùkò yẹn ti gba ojú omi Àjàṣẹ́ wọ Badagry ni ó ti ń wé mọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Lọ́jọ́ tí oòrùn ń ràn, atukọ̀ yóò gbé ẹ́ńjìnnì sókè, yóò já koríko kúrò, yóò máa lọ. Nínú ìjì, ẹ́ńjìnnì tó kú fún ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó láti yí ọkọ̀ nídìí sí ìgbì.

Ètò tuntun ń bọ̀ lórí omi wa. Ìjọba Èkó ti bá àwọn ará Yúróòpù ṣe àdéhùn ètò Omi Èkó, owó yúrò mílíọ̀nù 410, fún ebúté àti ọkọ̀ oníná mànàmáná. Iṣẹ́ rélùwéè láti Mile 2 dé Okokomaiko sì ń lọ lọ́wọ́, tí yóò fi sún èrò mọ́ Badagry sí i. Ìgbà yìí gan-an, tí wọ́n ṣì ń kọ ìwé àdéhùn, tí wọ́n ṣì ń ya àwòrán ebúté, ló yẹ kí a kọ ọ̀rọ̀ ìjì sínú rẹ̀. Mo ń ké sí LAMATA, LASWA, NIWA àti NiMet pé kí ìwé àjọfọwọ́sí náà jáde kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó wọlé: ẹni tó láṣẹ láti ti ọ̀nà pa, ìwọ̀n atẹ́gùn tí yóò fi tì í, bọ́ọ̀sì tí yóò gbé èrò, àti iye wákàtí tí owó yóò fi padà sínú káàdì. Ẹ̀yin èrò náà, kí ẹ tó sanwó ìrìn omi fún ẹnikẹ́ni, ẹ bi í ní ohun mẹ́rin yìí. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ má wọ ọkọ̀ rẹ̀.